Ẹ Gbé Sípíkà Kúrò Lórí Tábìlì Yẹn

Gbogbo wa la ti wà níbi òde àríyá tí máìkì ti ń ké "fííí" bí ẹni tí wọ́n fún lọ́rùn. Kí la máa ń ṣe? Ṣé a máa ń ní kí alága ìdúró lọ ra máìkì tuntun ni? Rárá o. Ọmọ ọdún méje tó jókòó lẹ́yìn pàápàá á pariwo pé, "Ẹ kúrò níwájú sípíkà!" Alága á sún sẹ́yìn, ariwo á dákẹ́, ọ̀rọ̀ bùṣe.

Àmọ́ tí irú àrùn yìí kan náà bá mú ẹ̀rọ rẹ́kọ́ọ̀dù nínú yàrá, ọgbọ́n yẹn á fò lọ. Wọ́n á ní kẹ́ ẹ ra abẹ́rẹ́ tuntun. Wọ́n á ní ámpílífáyà yín ò lágbára. Wọ́n á ní àwo yín ti gbó. Irọ́ ni jàre, irọ́ tó sì ń jẹ owó èèyàn ni.

Àwa mẹ́ta la jọ ń gbé ní Yaba, kóòdù la ń kọ jẹun. Bàbá ọ̀kan nínú wa ló kó páálí rẹ́kọ́ọ̀dù méjì fún wa: Haruna Ishola, Ayinla Omowura, Ebenezer Obey. A gbé ẹ̀rọ sórí tábìlì, a gbé sípíkà sí i lọ́tùn-ún lósì, ó rẹwà bíi fọ́tò Instagram. Tá a bá rọra gbọ́ ọ, kò sí wàhálà. Tá a bá yí ohùn sókè díẹ̀, pàápàá níbi tí agídìgbo Haruna bá ti wọlé, ilé á bẹ̀rẹ̀ sí í kùn "hùùù", á máa wú sí i, abẹ́rẹ́ á fò. A dín béèsì kù títí àpàlà fi ń dún bí ohùn inú fóònù. Ọkùnrin kan tó ń ra rẹ́kọ́ọ̀dù àtijọ́ wá wò ó, ó ní àwọn àwo náà ti jẹ tán, pé ká jẹ́ kóun fi owó táṣẹ́rẹ́ kó wọn lọ. Díẹ̀ ló kù ká gbà. Rẹ́kọ́ọ̀dù bàbá oníbàbá!

Etí ni abẹ́rẹ́ yẹn. Ohunkóhun tó bá ti mi àwo, ó ń gbọ́ ọ, ìbáà jẹ́ orin, ìbáà má jẹ́ orin. Sípíkà dún, tábìlì mì, àwo mì, abẹ́rẹ́ gbọ́, ámpílífáyà sọ ọ́ di ńlá, sípíkà tún gbà á dún. Tí èyí tó padà bá kéré ju èyí tó jáde lọ, á kú fúnra rẹ̀. Tó bá tó o tàbí tó jù ú lọ, kò ní dúró mọ́. Ìdí nìyẹn tí gbogbo nǹkan fi ń lọ déédéé títí dé ìdajì bọ́tìnnì, tẹ́ ẹ bá wá fi díẹ̀ kún un, ilé á fẹ́ wó. Ẹni tó bá ti kọ kóòdù tó ń pe ara rẹ̀ láìní ibi ìdúró mọ ìran yìí dáadáa. Ìtìjú ńlá ni pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta la fi sùn lórí bug tó jẹ́ iṣẹ́ òòjọ́ wa gan-an.

Ohun tó yẹ kí ọlọ́jà kọ́kọ́ sọ fún wa kò ná wa ní kọ́bọ̀. Ẹ pa mọ́tò ẹ̀rọ, kí àwo dúró jẹ́ẹ́. Ẹ gbé abẹ́rẹ́ lé e. Ẹ wá rọra máa yí ohùn sókè (kí ọwọ́ yín má kúrò lórí bọ́tìnnì o, ẹ lè ba sípíkà jẹ́). Tó bá ń kùn nígbà tí orin kankan ò lọ, ọwọ́ ti tẹ olè. Ẹ gbé abẹ́rẹ́ sókè. Tó bá dákẹ́, mímì ló fà á. Tó bá ṣì ń kùn bákan náà, ọ̀rọ̀ iná nìyẹn, ẹ lọ wo wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ tó so ara ẹ̀rọ mọ́ ara ámpílífáyà.

Lẹ́yìn náà, ẹ sún nǹkan kan ṣoṣo, kẹ́ ẹ tún dán an wò. Ọ̀kan ṣoṣo! Ẹni tó ra abẹ́rẹ́, tó ra wáyà, tó ra ìtẹ́lẹ̀ àwo lọ́jọ́ kan náà, tó bá tiẹ̀ san, kò lè sọ èyí tó wò ó sàn.

Tiwa, a gbé sípíkà kúrò lórí tábìlì, a gbé wọn sórí àpótí lọ́tọ̀, èyí tó pọ̀ jù nínú ìkùn náà sì lọ. A yọ ìdérí oníke, torí òun náà ń mì bí awọ ìlù tí ohùn bá lù ú. A gbé ẹ̀rọ kúrò ní kọ́nà yàrá, ibẹ̀ ni béèsì máa ń kóra jọ sí. Ilẹ̀ kọnkéré ni tiwa, kì í mì. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nílé onípákó nílùú òyìnbó, ẹsẹ̀ yín gan-an lè mú abẹ́rẹ́ fò. Ẹ kan pẹpẹ mọ́ ògiri.

A ò sọ pé abẹ́rẹ́ kì í gbó o. Ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ tó gbó máa ń ha orin ni, ì báà jẹ́ ohùn kékeré lẹ fi ń gbọ́ ọ. Kì í dúró de ìgbà tẹ́ ẹ bá yí bọ́tìnnì kó tó kùn. Ẹni tó ń tà á mọ ìyàtọ̀ yẹn.

Bàbá wá kí wa lọ́jọ́ Sunday kan lẹ́yìn náà. A fi Haruna sí i, a yí i dé ibi tá ò dé rí. Agídìgbo wọlé, kò sóhun tó kùn. Bàbá tẹ́tí sí i títí ẹ̀gbẹ́ àwo yẹn fi parí, wọ́n wá wojú wa.

"Ẹ̀yin ọmọ yìí, ẹ dín in kù. Aládùúgbò yín ń sùn."