Ẹ̀yin Akẹ́kọ̀ọ́ Ìṣègùn, Ìwádìí Kò Sí Nínú Lẹ́tà Ẹ̀bẹ̀

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ohun tí à ń wá lọ sí Sókótó, inú àpò ṣòkòtò ló wà. Òwe yìí ni mo máa ń rántí nígbàkígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn òyìnbó bá wá bá mi ní ọ́fíìsì pẹ̀lú ẹkún kan náà: "Ọ̀gá, mi ò mọ ẹnikẹ́ni. Ta ni yóò fún mi ní iṣẹ́ ìwádìí ṣe?" Bí mo bá bi í léèrè ohun tí ó ti ṣe, á ní òun ti fi lẹ́tà kan ṣoṣo ránṣẹ́ sí ogójì ọ̀jọ̀gbọ́n ní Amẹ́ríkà àti Ìlú Ọba. Bí mo bá tún bi í pé èwo nínú iṣẹ́ wọn ni ó ti kà, ẹnu rẹ̀ a wọhò.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ láìfi epo bọ iyọ̀: èyí kì í ṣe àjọṣe láàrin onímọ̀. Agbe ni.

Ẹ wo Thomas Adéoyè Lámbò. Nígbà tí ó ń darí ilé ìwòsàn Aro ní Abẹ́òkúta láti 1954, ó ní kí àwọn aláìsàn ọpọlọ máa gbé pẹ̀lú ẹbí wọn ní àwọn abúlé tó yí ibẹ̀ ká, ó sì bá àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ ṣiṣẹ́ pọ̀. Nítorí náà, nígbà tí Alexander Leighton àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ láti Yunifásítì Cornell wá bá a ṣe ìwádìí, kì í ṣe ọwọ́ òfo ni ó fi pàdé wọn. Ìwé tí wọ́n jọ kọ lórí àìsàn ọpọlọ láàrin àwọn Yorùbá jáde ní 1963.

Ẹ tún wo ìwádìí tó so Ìbàdàn pọ̀ mọ́ Indianapolis ní 1992, lórí àìsàn tí ń jẹ́ kí arúgbó máa gbàgbé nǹkan. Àwọn tó ti pé ẹni ọdún 65 àti jù bẹ́ẹ̀ lọ ní Ìdíkàn ni wọ́n fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò, èdè Yorùbá ni wọ́n sì fi bi wọ́n. Èsì rẹ̀ jáde ní 2001: àwọn tí àrùn Alzheimer ń ṣẹ̀ṣẹ̀ mú lọ́dún jẹ́ 1.15 nínú 100 ní Ìbàdàn, ó sì jẹ́ 2.52 láàrin àwọn aláwọ̀ dúdú Indianapolis. Bí ìbéèrè bá wọ́ nínú èdè, ta ni yóò gba irú èsì bẹ́ẹ̀ gbọ́?

Àmọ́ èdè yìí gan-an ni ẹ̀yin ń tijú rẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ ni ẹ máa ń gbé fọ́ọ̀mù ìyọ̀ǹda wá pé kí n "kàn" túmọ̀ rẹ̀. Mo ti rí ọ̀kan tí wọ́n ti fi lo aláìsàn kí ó tó dé ọ̀dọ̀ mi. Ó kà pé: "Ẹ lè kúrò nígbàkígbà." Ìyá àgbà kan bi ọmọ tó ń kà á fún un pé, "Ọmọ mi, ṣé ẹ fẹ́ kí n gbé bẹ́ẹ̀dì sílẹ̀ ni?" Ohun tí ìwé náà fẹ́ sọ ni pé ó lè yọwọ́ nínú ìwádìí láìpàdánù ìtọ́jú rẹ̀. Kò sẹ́ni tó là á yé e. Ó tẹ̀ka tìbẹ̀rùtìbẹ̀rù. Láti 1964 ni ìkéde Helsinki ti ní kí ènìyàn mọ ohun tí ó ń gbà kí ó tó gbà á. Kí ni ìyá yìí mọ̀?

Bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ ìwádìí wà lójú yín ní wọ́ọ̀dù. Aláìsàn kan ní, "Orí ń fọ́ mi." Èkejì ní, "Orí mi ń gbóná." Ẹ̀kẹta ní, "Nǹkan kan ń rìn nínú orí mi." Ẹ̀fọ́rí ni ẹ kọ fún àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lédè Gẹ̀ẹ́sì. Ṣé àìsàn kan náà ni? Ẹni tó bá gba àṣẹ ìgbìmọ̀ tí ń rí sí ẹ̀tọ́ aláìsàn, tó fi ọ̀rọ̀ ẹnu wọn wé ohun tó wà nínú fáìlì, ti rí iṣẹ́ ìwádìí tí kò ná an ní dọ́là kan. Kí ó wá mú un tọ dókítà àgbà tó ń tọ́jú wọn lọ, kí ó sì ya ẹ̀ka ẹ̀kọ́ èdè. Àjọṣe ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Ẹ ó ní àwa olùkọ́ ni kì í ṣílẹ̀kùn. Òótọ́ ni fún àwọn kan. Àwọn mìíràn sì wà tó jẹ́ pé akẹ́kọ̀ọ́ ló ń ṣiṣẹ́, orúkọ ọ̀gá ló ń ṣíwájú. Ìrẹ́jẹ ni, ó sì yẹ kí ojú tì wá. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá gbé ìbéèrè tó mọ́gbọ́n dání wọlé ṣòro láti lé jáde ju ẹni tó gbé ẹ̀bẹ̀ wá lọ. Bí ẹ kì í bá sì í ṣe ọmọ Yorùbá, ẹ bi aláìsàn ní ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ẹ sàn ju ọmọ Yorùbá tó ń díbọ́n pé òun kò gbọ́ ọ lọ.

Ẹ yé wá ẹni ńlá kiri. Ẹni tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì ni kí ẹ kọ́kọ́ mọ̀.