Agbára Inú Agolo

Bí ọjọ́ bá ti rọ̀ ní Ọbaléńdé, àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin a máa gbá bọ́ọ̀lù níbikíbi tí wọ́n bá ti rí àyè. Kí eré tó bẹ̀rẹ̀, òmíràn nínú wọn a yà sí ṣọ́ọ̀bù, a ra agolo ohun mímu tí wọ́n ń pè ní ti agbára, a sì dà á sọ́nà ọ̀fun lẹ́ẹ̀kan náà. Ó gbà pé agbára ni òun rà. Agbára kọ́ ni wọ́n tà fún un.

Ṣúgà púpọ̀ ni ó wà nínú agolo náà, pẹ̀lú káféènì, ohun kan náà tí ó wà nínú obì. Àwọn àgbà ti mọ iṣẹ́ obì tipẹ́: ọdẹ tí ń ṣọ́ ilé lóru a máa jẹ ẹ́ kí oorun má baà kùn ún. Káféènì a máa di ọpọlọ létí kí ó má baà gbọ́ igbe ara tí ó ti rẹ̀. Lóòótọ́, ó lè ran eléré lọ́wọ́ díẹ̀, kò sì sí lára ohun tí wọ́n kà léèwọ̀ fún eléré láti ọdún 2004. Ṣùgbọ́n àárẹ̀ náà wà níbẹ̀ síbẹ̀. Bí agolo bá di méjì ní ìrọ̀lẹ́, oorun a jìnnà lóru, bẹ́ẹ̀ oorun ni ó ń tún ẹran ara ṣe.

Ewu tí ó wà nínú ìyẹ̀fun àti hóró oògùn agbára tún ju èyí lọ. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2010, níbi ìdíje Kọ́mọ́nwẹ́ẹ̀tì ní Delhi, Oludamola Osayomi gba wúrà nínú eré 100 mítà àwọn obìnrin. Nígbà tí wọ́n yẹ ìtọ̀ rẹ̀ wò, wọ́n bá methylhexaneamine níbẹ̀; wúrà náà bọ́, ó di ti Natasha Mayers, ọmọ Saint Vincent. Samuel Okon, tí ń sáré fo ohun ìdènà, kó sí irú rẹ̀. Imú dídí ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe oògùn yìí fún ní Amẹ́ríkà. Ìgbà tí ó yá ni àwọn oníṣòwò ń kó o sínú ìyẹ̀fun eléré, tí wọ́n sì ń fi orúkọ òdòdó jẹ́réníọ́mù bò ó mọ́lẹ̀. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n kò lè dá a mọ̀ lára ìgò. Òfin kò sì gba àìmọ̀ ní àwáwí: ohun tí wọ́n bá bá nínú ìtọ̀ eléré, òun ni ó ni ín.

Ẹ̀bi náà kì í ṣe ti ọmọdé nìkan. Olùkọ́ eré tí kò béèrè ohun tí ọmọ jẹ lánàá, tí ó sì ń fi hóró oògùn lé e lọ́wọ́ ní òwúrọ̀ ìdíje, òun ni ó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ bá wí. Láti Ọbaléńdé dé pápá Oníkan, ẹlẹ́wà wà lọ́nà, ọlọ́gẹ̀dẹ̀ wà, olómi náà wà. Ọ̀sán ni ó yẹ kí ó ti mú ọmọ náà yà lọ́dọ̀ wọn.