Ilé Ni Kí A Kọ́kọ́ Wò



Àṣà kan ti wọ àárín àwa tí a kàwé. Bí a bá péjọ níbi àjọ̀dún ọjọ́ ìbí, a ó bi ara wa pé: 'Nínú àwọn sinimá tí ó jáde ní ọdún tí a bí ọ, èwo ni o yàn?' Ìbéèrè náà kò burú. Ó bá ìṣe àwọn baba wa mu. Àwọn tí kò ní ìwé ọjọ́ ìbí a máa fi ìṣẹ̀lẹ̀ ka ọjọ́ orí: ẹnì kan a ní òun wà nínú oyún nígbà àjàkálẹ̀ àrùn ọdún 1918, òmíràn a ní ọdún tí ọba kan gorí oyè ni a bí òun. Ìdáhùn tí a ń fọ̀ ni ó ń dùn mí.

Ẹ jẹ́ kí a mú ẹni tí a bí ní ọdún 1976. Wéré ni yóò dárúkọ Taxi Driver tàbí Rocky. Èmi kò bá sinimá Amẹ́ríkà jà. Taxi Driver gba ẹ̀bùn tí ó ga jùlọ ní Cannes ní ọdún náà gan-an, Rocky sì gba ti Oscar. Ṣùgbọ́n ọdún 1976 kan náà ni Ọlá Balógun gbé Àjàní Ògún jáde, èyí tí a kà sí sinimá gígùn àkọ́kọ́ ní èdè Yorùbá. Ọ̀dọ́mọdé ọdẹ kan ni ó dojú kọ olóṣèlú jẹgúdújẹrá nítorí ohun-ìní baba rẹ̀. Ta ni nínú wa tí kò tíì gbọ́ irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ ní ìlú tirẹ̀? Adé Fọláyan wà nínú rẹ̀. Dúró Ládiípọ̀, tí ó kú ní ọdún 1978, wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú.

Wọn yóò wí pé: 'A kò rí i wò rí, báwo ni a ó ṣe yàn án?' Òótọ́ ni, òótọ́ náà sì ni ẹ̀sùn mi. Ní ọdún 1982, Moses Ọláìyá, Bàbá Sàlá wa, ṣe Ọ̀run Móoru. Àwọn olè dà á kọ sínú fídíò, wọ́n ń tà á káàkiri, ọlọ́jà sì wọ gbèsè. Ta ni ó rà á lọ́wọ́ olè? Àwa ni. Ọdún náà ni Ògúndé ṣe Àròpin N'Tènìyàn. Síbẹ̀ ẹni tí a bí ní 1982 kò mọ̀ ju E.T. lọ.

Wọn yóò tún wí pé sinimá wa kò gún régé tó ti òyìnbó. Ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀, kí a fi ìlẹ̀kẹ̀ sí ìdí ọmọ ẹlòmíràn.

Ẹ wo ohun tí ìtọ́jú lè ṣe. Ní 1976 kan náà, Adamu Halilu fi ìwé Abubakar Tafawa Balewa ṣe sinimá Shaihu Umar ní èdè Hausa. A ti rò pé ó sọnù pátápátá. Ní ọdún 2016 a rí i ní ibi tí ìjọba ń kó sinimá pamọ́ sí ní Jos; a tún un ṣe, a sì tún fi í han aráyé ní Berlin ní 2018. Ohun tí a pè ní òkú, inú ilé wa ni ó sùn sí.

Nítorí náà, kí ìjòyè kọ̀ọ̀kan ránṣẹ́ sí ìdílé àwọn òṣèré ìlú rẹ̀, kí a wádìí ohun tí ó kù nínú àpótí wọn kí ó tó jẹrà. Kí gbọ̀ngàn ìlú kọ̀ọ̀kan máa fi ọ̀kan hàn lọ́dọọdún, kí a san owó rẹ̀ fún ẹni tí ó ni í. Ẹni tí ọjọ́ orí rẹ̀ ju ti sinimá Yorùbá lọ, kí ó dárúkọ eré orí ìtàgé tí àwọn òbí rẹ̀ wò.

Ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ẹni tí a bá bi léèrè ọdún ìbí rẹ̀, kí ó kọ́kọ́ wo ilé. Lẹ́yìn náà, kí ó dárúkọ Amẹ́ríkà bí ó bá wù ú.