Fóònù Wa Kò Ṣàìsàn, Ẹrù Ló Pọ̀ Lórí Rẹ̀

Àwọn àgbà ní: ara ẹ̀fọ́ ni kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́ wà. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọ̀rọ̀ fóònù tí à ń lò lónìí rí.

Ẹ̀yin ará wa, ẹ jẹ́ kí a bá ara wa sọ òótọ́. Láti Àjàṣẹ́ dé Kétu, láti Kétu dé Ṣábẹ̀ẹ́, ẹjọ́ kan náà ni gbogbo ènìyàn ń rò: “Fóònù mi ń lọ́ra. Mo tẹ̀ ẹ́, kò dáhùn. Iná rẹ̀ kì í pẹ́ dé ọ̀sán.” Bí a bá béèrè ohun tó fà á, ìdáhùn á pọ̀. Ẹnìkan á ní fóònù náà ti gbó. Ẹlòmíràn á ní àìsàn ti wọ inú rẹ̀. Ẹlòmíràn á ní: “Gbá gbogbo áàpù tó wà lẹ́yìn dànù, á yá.” Ẹni tó ń ta fóònù á ní: “Mú owó wá, ra tuntun.”

Mo sọ pé irọ́ ló pọ̀ jù nínú ìdáhùn wọ̀nyí. Irọ́ náà sì ń gba owó lọ́wọ́ wa.

Mo mọ obìnrin kan tó ń ta gàrí lọ́jà. Ó ti kó owó àjọ oṣù méjì, ó fẹ́ fi san owó ilé ìwé ọmọ rẹ̀. Ìgbà náà ni fóònù rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí dúró gbagidi. Oníbàárà á fi owó ránṣẹ́, ìyá náà kò ní rí iṣẹ́ tó wọlé. Ẹjọ́ á bẹ̀rẹ̀: “Mo ti sanwó.” “N kò rí i.” Ẹnìkan tó ń tún fóònù ṣe sọ fún un pé fóònù ti kú tán, kí ó mú 60,000 fráǹkì wá kí ó fi ra òmíràn. Díẹ̀ ló kù kí owó ilé ìwé ọmọ di owó fóònù.

A jókòó, a ṣí fóònù náà, a ka ohun tí wọ́n kọ sínú rẹ̀. Kí ni a rí? Fóònù náà ti kún dé ẹnu. Fídíò àdúrà, fídíò ẹ̀fẹ̀, àwòrán “ẹ káàárọ̀” tí àwọn ẹgbẹ́ WhatsApp ń fi ránṣẹ́ lójoojúmọ́, gbogbo rẹ̀ wà níbẹ̀. Áàpù mẹ́ta tún wà tó ń pe ara wọn ní olùfọ̀ fóònù. A yọ àwọn áàpù yẹn, a pa fídíò rẹ́, a pa fóònù náà, a tún tàn án. Kò sáré bíi tuntun, ṣùgbọ́n ó ń dáhùn. Ọmọ lọ sí ilé ìwé. Ìyá rẹ̀ kò ná fráǹkì kan.

Nítorí ọ̀rọ̀ bí èyí ni mo ṣe ń kọ̀wé yìí.

ÀTẸ ÀTI ÀKÁ

Kí a tó dá ẹjọ́, ó yẹ kí a mọ ohun tó wà nínú fóònù. Ẹ wo ìyá tó ń ta àgbàdo. Ó ní àká nílé, ó ní àtẹ lọ́jà. Inú àká ló ń kó ẹrù pamọ́ sí. Orí àtẹ ló ń gbé ohun tó ń tà lọ́wọ́ lé.

Fóònù ní méjèèjì. Àká rẹ̀ ni ibi tí àwòrán, fídíò, orin àti áàpù wà. Lójú fóònù, wọ́n kọ ọ́ ní èdè Faransé pé “Stockage”. Àtẹ rẹ̀ ni ibi tí ó ń gbé iṣẹ́ tó ń ṣe lọ́wọ́ lé. Àwọn tó ń ta fóònù ń pè é ní RAM.

Bí àtẹ bá kéré tí ẹrù sì pọ̀, ìyá náà gbọ́dọ̀ gbé ọ̀kan kúrò kí ó tó gbé òmíràn lé e. Oníbàárà á dúró. Bí àká bá kún dé ẹnu ọ̀nà, kò ní rí ibi tí yóò tẹ ẹsẹ̀ sí. Oníbàárà á tún dúró. Ìdúró yìí ni a ń rí nígbà tí fóònù bá ń lọ́ra.

IRỌ́ KÌN-ÍN-NÍ: “GBÁ GBOGBO ÁÀPÙ DÀNÙ”

Gbogbo wa la mọ ìṣe yìí. A ṣí ibi tí áàpù tí a ti lò tò sí, a fi ìka gbá wọn dànù lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni tó ń gbá àgbàlá. À ń ṣe é láàárọ̀, à ń ṣe é lọ́sàn-án, à ń ṣe é lálẹ́. Ó ń dùn mọ́ wa, bí ẹni pé a ṣe iṣẹ́ ńlá.

Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú àwọn áàpù tí a ń gbá yẹn ń sùn ni. Fóònù fi wọ́n sí ẹ̀gbẹ́ àtẹ kí wọ́n lè tètè dìde nígbà tí a bá pè wọ́n. Bí àyè bá há, fóònù fúnra rẹ̀ ló máa ń yọ èyí tí a kò lò láti ìgbà pípẹ́. Kò dúró de ìka wa.

Ẹ wo obìnrin tó fi eérú bo ẹyin iná nínú ààrò. Nígbà tí ó bá tún fẹ́ dáná, á fẹ́ ẹ, iná á jó. Ta ni yóò da omi sí ẹyin iná yẹn, kí ó tún máa wá ìṣáná àti igi mìíràn? Ohun tí à ń ṣe nìyẹn nígbà tí a bá pa WhatsApp, tí a sì tún ṣí i lẹ́yìn ìṣẹ́jú 10. Fóònù á tún bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ láti ìpìlẹ̀. Á ṣiṣẹ́ púpọ̀ sí i, á sì jẹ bátìrì.

Ẹ̀rí wà láti ẹnu àwọn tó ń ṣe fóònù fúnra wọn. Ní oṣù kẹta ọdún 2016, oníbàárà kan kọ̀wé sí Apple, ó béèrè bóyá pípa áàpù nígbà gbogbo ń mú kí bátìrì pẹ́. Craig Federighi, ọ̀gá àwọn tó ń ṣe ètò inú fóònù níbẹ̀, dáhùn pé òun kì í ṣe bẹ́ẹ̀, kò sì pọn dandan. Ní oṣù kan náà, Hiroshi Lockheimer sọ pé ọ̀rọ̀ náà rí bẹ́ẹ̀ fún Android pẹ̀lú, pé pípa wọn tilẹ̀ lè mú kí nǹkan burú díẹ̀. Òun ni ọ̀gá Android ní Google nígbà yẹn. Android náà ló wà nínú èyí tó pọ̀ jù nínú fóònù tó wà lọ́wọ́ wa.

IRỌ́ KEJÌ: “GBA OLÙFỌ̀ FÓÒNÙ”

Àwọn áàpù kan wà tó ń kígbe lójú fóònù pé: “Fóònù rẹ ti dọ̀tí! Tẹ ibí kí o fọ̀ ọ́!” Ẹ̀rù á bà wá, a ó tẹ̀ ẹ́. Láti ọjọ́ náà lọ, olùfọ̀ yìí kò ní kúrò lórí àtẹ. Á máa jẹ bátìrì. Á máa fi ìpolówó ọjà hàn wá, mẹ́gà wa ló sì fi ń mú un wá. Ó dà bí ẹni tó pe kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ kí ó wá bá òun ṣọ́ adìẹ.

Ní oṣù kejì ọdún 2020, Google yọ áàpù tó sún mọ́ 600 kúrò ní Play Store, nítorí ìpolówó tó ń fò bo ojú fóònù nígbà tí ẹnikẹ́ni kò pè é. Irú ìpolówó bẹ́ẹ̀ ni púpọ̀ nínú àwọn olùfọ̀ yìí fi ń jẹun. Fóònù tí a mọ̀ ọ́n tọ́jú kò nílò wọn.

IRỌ́ KẸTA: “FÓÒNÙ TI GBÓ, RA TUNTUN”

Òótọ́ díẹ̀ wà nínú èyí, n kò ní fi pamọ́. Fóònù tí àtẹ rẹ̀ jẹ́ gígà 1 tàbí gígà 2 kò lè gbé ẹrù tí fóònù gígà 8 ń gbé. Google mọ̀ bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi gbé Android Go jáde ní ọdún 2017 fún àwọn fóònù kékeré. Bátìrì pẹ̀lú ń gbó.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ní oṣù kejìlá ọdún 2017, Apple jẹ́wọ́ pé ètò tí àwọn fi sínú àwọn iPhone kan ń dín eré wọn kù nígbà tí bátìrì wọn bá ti gbó. Wọ́n ní kí fóònù má baà kú lójijì ni. Wọn kò sọ fún àwọn tó ra á. Ní oṣù kejì ọdún 2020, wọ́n bu owó ìtanràn mílíọ̀nù 25 yúrò lé wọn ní ilẹ̀ Faransé nítorí àìsọ yẹn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ti rò pé fóònù àwọn ti kú, bẹ́ẹ̀ bátìrì tuntun ni ó nílò. Nítorí náà, bí ẹnìkan bá sọ pé kí ẹ ra tuntun, ẹ kọ́kọ́ béèrè pé: kí ló gbó? Ṣé fóònù ni, àbí bátìrì? Àbí àká ló kún?

OLÈ TÍ A KÒ PARIWO RẸ̀

Ẹ rántí ọdún 2018. Ìjọba Bẹ̀nẹ̀ pàṣẹ pé kí a máa san 5 fráǹkì owó orí lórí mẹ́gà kọ̀ọ̀kan tí a bá fi lo WhatsApp, Facebook àti irú wọn. Ìyẹn jẹ́ 500 fráǹkì lórí 100 mẹ́gà. Àwọn ènìyàn kọ̀, wọ́n pariwo. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún náà, ìjọba yọ owó orí yẹn kúrò. A ṣe dáadáa.

Mo wá béèrè: kí ló dé tí a kò pariwo lé áàpù tó ń jẹ mẹ́gà wa nígbà tí a bá sùn? Áàpù ìròyìn tí a kò kà rí ń lọ wá ìròyìn. Áàpù eré tí ọmọ gbà lọ́dún tó kọjá ń gba ìpolówó. Facebook lè máa gbé fídíò sáré kí a tó tẹ̀ ẹ́. WhatsApp lè máa kó àwòrán gbogbo ẹgbẹ́ sínú àká wa. Àwa la fún wọn láyè, a kò kàn mọ̀ ni. Àwọn àgbà ní a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Áàpù tó ń sùn la ń gbá dànù, a fi èyí tó ń jẹun lóru sílẹ̀.

Ẹnìkan lè sọ pé: “Ṣùgbọ́n nígbà tí mo pa áàpù kan, fóònù mi yá.” Kì í ṣe irọ́. Áàpù kan lè ya aláìgbọràn, kí ó máa ṣiṣẹ́ láìdúró. Ẹ wá ọ̀kan yẹn, ẹ pa á. Bí ewúrẹ́ kan bá ń jẹ oko, ṣé gbogbo ewúrẹ́ abúlé la ó lé?

OHUN TÓ YẸ KÍ A ṢE

Fóònù púpọ̀ níbí ń sọ Faransé. Bí ẹ kò bá gbọ́ ọ, ẹ mú ìwé yìí dání, kí ẹ fi lẹ́tà wé lẹ́tà. Gbogbo rẹ̀ wà nínú “Paramètres”. Orúkọ lè yàtọ̀ díẹ̀ láti fóònù kan sí òmíràn.

1. Ẹ ṣí “Stockage”. Ẹ wò ó bóyá àká ti kún. Ẹ gbìyànjú kí ìdá 1 nínú 10 ó kéré tán ṣófo. Fídíò ìṣẹ́jú 1 tí fóònù yà lè tó 100 mẹ́gà. Ẹ kọ́kọ́ kó èyí tí ẹ fẹ́ràn pamọ́ sí ibòmíràn, kí ẹ tó pa ìyókù rẹ́.

2. Nínú WhatsApp, ẹ wá “Stockage et données”. Níbẹ̀ ni ẹ ti lè sọ fún un pé kí ó má gba àwòrán àti fídíò láìjẹ́ pé ẹ tẹ̀ ẹ́.

3. Ẹ ṣí “Batterie”. Ẹ ó rí orúkọ áàpù tó ń jẹ iná jù. Bí ó bá jẹ́ èyí tí ẹ kì í lò, òun ni ewúrẹ́ inú oko.

4. Ẹ ṣí “Applications”. Áàpù tí ẹ kò nílò, ẹ tẹ orúkọ rẹ̀, kí ẹ tẹ “Désinstaller”. Bí aláìgbọràn bá jẹ́ èyí tí ẹ nílò, ẹ tẹ “Forcer l'arrêt”.

5. Ẹ wá “Économiseur de données”, kí ẹ tàn án. Á dí ọ̀nà mẹ́gà mọ́ ọ̀pọ̀ áàpù tí ẹ kò ṣí.

6. Ẹ máa pa fóònù, kí ẹ tún tàn án, bóyá ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Ó máa ń tú àtẹ palẹ̀ ju gbígbá ojoojúmọ́ lọ.

Ẹ̀yin ará wa, a kò kọ́ ìwé kíkà nítorí lẹ́tà àti orúkọ wa nìkan. A kọ́ ọ kí ẹnikẹ́ni má lè rẹ́ wa jẹ mọ́. Tẹ́lẹ̀, ẹni tí kò mọ̀wé á gbé ìwé lọ fún ẹlòmíràn, yóò sì gba ohunkóhun tí ó bá sọ gbọ́. Bí a bá gbé fóònù wa fún ẹni àkọ́kọ́ tó ní ó ti kú, láìkà á fúnra wa, kí ló yàtọ̀?

Kí ẹ tó san 60,000 fráǹkì, ẹ ṣí fóònù yín. Ẹ kà á.