ÀJẸJÙ ILÉYÁ: Ẹ̀FỌ́ TÚTÙ KÌ Í ṢE ÌTÁNRÀN

Gbogbo ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun Ọba tí Ó ṣe ẹran ọ̀sìn ní ẹ̀tọ́ fún ọmọnìyàn, tí Ó sì pa á láṣẹ nínú Súrátù Hájì pé kí ẹni tí ó bá pa ẹran náà jẹ nínú rẹ̀, kí ó sì fi bọ́ aláìní. Àṣẹ méjì ni èyí. Ọ̀kan ni ọ̀pọ̀ Mùsùlùmí ń mú ṣẹ, wọ́n sì ń mú un ṣẹ kọjá ààlà.

Iléyá ọdún 2025 bọ́ sí ọjọ́ Jímọ̀, 6 Júùnù. Sátidé àti Àlàádì tẹ̀ lé e, ó di ọjọ́ mẹ́ta gbáko tí ìkòkò kò sọ̀ kalẹ̀ lórí iná. Orúkọ Wásinmi ń pe èrò ọ̀nà Ìbàdàn sí Ifẹ̀ pé kí wọ́n wá sinmi, ṣùgbọ́n ìsinmi wo ni ikùn rí nínú irú ọdún bẹ́ẹ̀? Ẹran díndín láàárọ̀, àmàlà pẹ̀lú ògúnfe lọ́sàn-án, ìrẹsì pẹ̀lú ẹran lálẹ́, ọtí ẹlẹ́rìndòdò láàárín wọn, dòdò Ìkirè sì ń bẹ nílẹ̀ fún ẹni tí ẹnu bá ṣì ń yún. Nígbà tí ó bá fi di alẹ́ Àlàádì, àyà a máa ta, inú a wú, ẹlòmíràn kò sì ní lè tẹ̀ dáadáa ní rúkúù.

Nígbà náà ni wọn yóò bẹ̀rẹ̀ sí í wá àtúnṣe. Àwọn kan a sáré lọ mu àgbo jẹ̀dí tí wọ́n rẹ sínú ọtí líle. Ẹran ẹ̀tọ́ ni wọ́n jẹ, èèwọ̀ ni wọ́n fi ń fọ̀ ọ́ nù! Bẹ́ẹ̀ sì ni Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) ti dá ẹni tí ó ní oògùn ni òun ń fi ọtí ṣe lóhùn pé àrùn ni, kì í ṣe oògùn.

Àwọn mìíràn ní àwọn yóò gba ààwẹ̀ ọjọ́ Àtìní. Sunna ni ààwẹ̀ Àtìní, ṣùgbọ́n Àtìní tí ó tẹ̀ lé Iléyá 2025 jẹ́ ọjọ́ kẹtàlá oṣù Dhul-Hijja, ọ̀kan nínú àwọn ọjọ́ Taṣríkì tí Ànábì pè ní ọjọ́ jíjẹ, mímu àti ìrántí Ọlọ́hun. Kò sí ààwẹ̀ níbẹ̀, àyàfi fún alálàájì tí kò rí ẹran pa. Ẹni tí ó bá gbà á kí ikùn rẹ̀ lè fẹ́lẹ́ ti sọ ìjọsìn di oògùn wọ̀bìà.

Ó wá ku ẹ̀fọ́ tútù. Èyí dára, kò sì sí ẹni tí yóò bá a jà: Bùhárí àti Mùsílímù gbà á wá láti ọ̀dọ̀ Abdullah ọmọ Ja'far pé ó rí Ànábì tí ó ń jẹ kùkúńbà pẹ̀lú èso dàbínù tútù. Ṣùgbọ́n kí ni wọ́n ń pè ní sàláàdì níbi ìnáwó? Kábéèjì díẹ̀ tí ó rì sábẹ́ salad cream, ẹ̀wà inú agolo, ẹyin, makaróni àti sàdíìnì. Àjẹjù mìíràn ni ìyẹn, ewé ni wọ́n kàn fi bò ó lójú. Èyí tí ara ń fẹ́ kò le: kùkúńbà méjì, tòmátì mẹ́ta tí kò tíì rọ̀, ìgbá mélòó kan, kárọ́ọ̀tì, kábéèjì tí wọ́n rẹ́ wẹ́wẹ́, kí wọ́n fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i, kí wọ́n jẹ ẹ́ lójú ẹsẹ̀ láìsí mágì. Ohun tó dà bí okùn tínínrín nínú ewé àti èso wọ̀nyí ni ó ń mú ìgbẹ́ rọrùn. Ẹran kò ní in rárá. Àjọ ìlera àgbáyé ní kí àgbàlagbà máa jẹ èso àti ẹ̀fọ́ tí kò dín ní 400 gíráàmù lójúmọ́. Lójúmọ́ ni wọ́n wí, wọn kò ní kí ó di ìgbà tí inú bá wú.

Kí ẹni tí yóò ṣe é fi omi mímọ́ fọ̀ ọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ó má sì fi ọ̀bẹ tí ó fi gé ẹran tútù gé e. Ní Júùnù 2024, oṣù Iléyá ọdún náà gan-an, àrùn onígbáméjì bẹ́ sílẹ̀ ní Èkó, ó sì pa ènìyàn. Ẹni tí ó bá sì fi àlùbọ́sà tútù sí i, kí ó má gbé òórùn ẹnu rẹ̀ wá bá àwọn olùkírun nínú mọ́sálásí. Òfin Ànábì ni.

Síbẹ̀, ta ni ó sọ pé ẹ̀fọ́ ń san gbèsè àjẹjù? Nígbà tí àwọn aláìní ya wọ Mẹ̀dínà ní ọdún kan, Ànábì kọ̀ fún àwọn ènìyàn láti tọ́jú ẹran Iléyá kọjá ọjọ́ mẹ́ta, kí ó lè kárí. Nígbà tí ìnira náà kọjá ni ó tó yọ̀ǹda rẹ̀. Ní 2025, àgbò wọ́n tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀pọ̀ ilé kò lè pa ohunkóhun, fíríìsà ilé kejì sì kún. Ẹran tí ó yẹ kí ó dé ilé opó lọ́jọ́ Jímọ̀ ni ó ń da ikùn onílé láàmú lọ́jọ́ Àtìní, kùkúńbà kò sì lè gbé e padà fún un. Àwọn ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ ní Wásinmi, Ìkirè àti Àpòmù ni ó yẹ kí wọ́n máa gba ìpín yìí ní tútù lọ́wọ́ ẹni tí ó pa ẹran, kí wọ́n gbé e kárí ilé aláìní kí iná tó dá, kì í ṣe lọ́jọ́ kẹrin tí ó bá ku eegun.