Òṣómàálò Kì í Lóṣòó Lásán

Ní ọjọ́ 28, oṣù kẹwàá, ọdún 2025, ikọ̀ agbábọ́ọ̀lù obìnrin ilẹ̀ wa, Super Falcons, pàdé àwọn obìnrin ilẹ̀ Benin ní pápá ìṣeré MKO Abíọ́lá ní Abẹ́òkúta. Ọ̀mì ni wọ́n ta, góòlù kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n nítorí góòlù méjì sí òdo tí tiwa ti kọ́kọ́ fi borí ní Lomé, àwa ni a yege fún ìdíje ife ẹ̀yẹ ilẹ̀ Áfíríkà. Inú mi ń dùn títí ọkùnrin kan tó jókòó tì mí fi lanu. Ó ní: “Àwọn ọmọ wọ̀nyí mọ bọ́ọ̀lù gbá o, àmọ́ wọ́n fẹ́ràn owó jù. Ẹ má tètè san án kí ẹ wò wọ́n, wọn a jókòó sí òtẹ́ẹ̀lì bí òṣómàálò.”

Mo ti gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yìí lẹ́nu ọ̀mọ̀wé àti púrúǹtù. N kò ní dákẹ́ mọ́.

Ta ni wọ́n ń bú? Ní 1999, ní Amẹ́ríkà, Brazil ti ju góòlù mẹ́ta sí àwọ̀n wọn kí abala kìíní tó parí. Ẹlòmíràn ìbá káwọ́ lérí. Wọ́n dá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta padà, kí Sissi tó fi ẹ̀kẹrin ṣẹ́gun wọn ní àfikún àkókò. Ní 2004, Perpetua Nkwocha nìkan ló gbá mẹ́rin nínú góòlù márùn-ún tí wọ́n fi na Cameroon ní àṣekágbá. Ní 2023, Asisat Oshoala, ọmọ Ìkòròdú, wọlé láti orí bẹ́ǹṣì, ó sì gbá góòlù kẹta tí wọ́n fi borí Australia lórí ilẹ̀ baba rẹ̀. Ní oṣù keje ọdún 2025, ní Rabat, Morocco ti fi góòlù méjì ṣáájú. Mẹ́ta sí méjì ni wọ́n fi gba ife kẹwàá.

Lẹ́yìn ayẹyẹ ti 2004 yẹn gan-an, òtẹ́ẹ̀lì ní South Africa ni wọ́n jókòó sí, nítorí a kò san àjẹmọ́nú wọn. Ní 2016, wọ́n tún gba ife. Wọ́n tún jókòó, ní Àbújá, wọ́n sì wọ́ lọ sí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin. Ní 2019, ní Faransé, ọ̀rọ̀ kan náà ni.

Ẹni tó bá fi òṣómàálò bú wọn, kó kọ́kọ́ béèrè ìtumọ̀ orúkọ náà. Ìjẹ̀ṣà tó tajà láwìn ni, tó dé lọ́jọ́ àdéhùn, tó ní òṣó ni òun máa ló kí òun tó gbowó òun. Òun kọ́ ló dá ìtìjú sílẹ̀; onígbèsè ni.

Wọ́n tún ní ìfẹ́ orílẹ̀-èdè ló yẹ kí wọ́n fi gbá a. Ṣé ìfẹ́ nìkan ni àwọn olóyè eré ìdárayá tó ń bá wọn wọ bàálù fi ń jẹun? Òṣìṣẹ́ wà lóòrùn, ẹni tí yóò jẹ ẹ́ wà ní ibòòji.

Ẹlòmíràn á ní Ààrẹ ti fún ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn ní ilé àti owó tó tó ọ̀kẹ́ márùn-ún dọ́là ní 2025. Mo bá wọn yọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀bùn kì í ṣe ẹ̀tọ́. Inú dídùn ni a fi ń fúnni lẹ́bùn. Ẹ̀tọ́ ń bẹ lọ́rùn wa bí inú dùn, bí kò dùn. Ẹni tó pàdánù ní 2019 náà ṣiṣẹ́.

Ohun tó dùn mí jù ni pé Abẹ́òkúta ni mo ti gbọ́ èébú yìí. Ìlú yìí ni àwọn ìyá wa, pẹ̀lú Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti, ti kóra jọ ní 1947 sí iwájú ààfin nítorí owó orí obìnrin. Ní oṣù kìíní ọdún 1949, Ọba Adémọ́lá Kejì fi ìtẹ́ sílẹ̀. Bí àlejò bá pe àwọn ìyá wọ̀nyẹn ní olójúkòkòrò lónìí, ọmọ Ẹ̀gbá ni yóò kọ́kọ́ bá a jà. Kí ló dé tí ohun tó jẹ́ akin lára ìyá fi di ìwọra lára ọmọ?

Kí a kọ àdéhùn sílẹ̀ kí wọ́n tó kúrò nílé. Kí a san án lásìkò, bí wọ́n borí, bí wọn kò borí. Nígbà tí a bá sì ń ka àwọn ọjọ́ mánigbàgbé wọn, kí a ka ọjọ́ òtẹ́ẹ̀lì mọ́ ọjọ́ góòlù. Ẹni tó bá fẹ́ kí òṣómàálò dìde, owó ni kó mú wá.