Rìmóòtù Kọ́ Ló Ń Wa Ọkọ̀ Ìṣeré

Àwọn tó ń ra ọkọ̀ ìṣeré oní-rìmóòtù sábà máa ń fi bí rìmóòtù rẹ̀ ṣe lè ṣiṣẹ́ láti òkèèrè tó díwọ̀n bó ṣe dára sí, bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ rìmóòtù nínú ìrìn ọkọ̀ náà kò ju kó fi àṣẹ ránṣẹ́ sí i lọ. Ìgbì rédíò, tó ń gba inú afẹ́fẹ́ kọjá láìsí wáyà, ló ń gbé àṣẹ náà. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ olówó pọ́ọ́kú, ìgbì yìí a máa mì nígbà mílíọ̀nù 27 tàbí mílíọ̀nù 49 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, ti àwọn tuntun a sì máa tó nǹkan bí ìgbà bílíọ̀nù 2.4. Èyí tó wù kó jẹ́, kò gbé ipá tó lè yí táyà. Nikola Tesla, tó fi ọkọ̀ ojú omi kékeré kan tí ìgbì rédíò ń darí han èrò ní New York ní ọdún 1898, mọ èyí dájú, nítorí inú ọkọ̀ náà gan-an ni ó kó bátìrì sí, pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì tó ń tì í síwájú àti èyí tó ń yí ìtọ́kọ̀ rẹ̀.

Ẹ́ńjìnnì kékeré tí iná bátìrì ń yí a máa sáré púpọ̀, ṣùgbọ́n ipá tó fi ń yí nǹkan kò tó nǹkan, ìdí sì nìyí tí wọ́n fi ń fi gíà, ìyẹn àwọn ohun roboto eléyín tó ń há sínú ara wọn, sí àárín òun àti táyà. Bí gíà orí ẹ́ńjìnnì bá ní eyín 20, tí èyí tó ń yí sì ní 80, ti àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ yí lẹ́ẹ̀mẹ́rin kí ìkejì tó yí lẹ́ẹ̀kan. Eré á dín kù, ipá á sì di nǹkan bí ìlọ́po mẹ́rin, yàtọ̀ sí ìwọ̀nba tí fífi ara gbo ara àwọn eyín bá jẹ.

Apá ìdarí ni iṣẹ́ ọgbọ́n ti pọ̀ jù. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ yẹpẹrẹ, táyà iwájú kò mọ̀ ju kó yà pátápátá sí ọ̀tún tàbí sí òsì, kí sípíríǹgì sì dá a padà sí àárín. Kò sí díẹ̀díẹ̀, nítorí náà ọkọ̀ á kọ lu ògiri, wọ́n á sì di ẹ̀bi ru ọmọ tó ń wà á. Àwọn tó dára ń lo servo, àpótí kékeré tó ní ẹ́ńjìnnì, gíà àti ohun tó ń wọn ibi tí ọ̀pá rẹ̀ yí dé. Nǹkan bí ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan ni àṣẹ ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, bí àṣẹ kọ̀ọ̀kan bá sì ṣe pẹ́ sí ló ń sọ ibi tí táyà yóò kọjú sí. Servo á fi ibi tí wọ́n ní kó wà wé ibi tó wà, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò sì ní dúró títí méjèèjì á fi bára mu. Bí òkúta bá ti táyà kúrò lójú ọ̀nà, fúnra rẹ̀ ni yóò dá a padà, láìdúró de àṣẹ tuntun.

Ẹni tó bá fẹ́ rà á lè dán an wò kó tó sanwó: kó rọra yí ìdarí rìmóòtù, kó wò ó bóyá táyà iwájú ń rọra tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà kó gbé ọkọ̀ sókè, kó fi ọwọ́ yí táyà ẹ̀yìn kan. Bí ìkejì bá yí sí òdìkejì, ọkọ̀ náà ní differential, gíà tó ń jẹ́ kí táyà òde sáré ju ti inú lọ ní kọ́nà.